Ahọ́n Tí A Fi Ń Tọ́ Ọṣẹ Wò

Ọwọ́ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fi pamọ́ bí mo bá dé àárín ènìyàn. Màá kì í bọ abẹ́ ìborùn, tàbí kí n di etí aṣọ mú bí ẹni tí òtútù ń mú. Bùsọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní kí n sọ bí ọwọ́ náà ṣe rí kí ẹ lè mọ̀. Ó dáa. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó jinná, ó tún bó, títí ó fi ń dán bí awọ bàtà àtijọ́. Gbogbo ìlà orí ìka mi ti parẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa wá tẹ̀ka fún káàdì, ẹ̀rọ wọn kò rí ìka mi. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í ní, "Màmá, ẹ nu ọwọ́ yín dáadáa." Mo nù ún. "Màmá, ẹ tún un nù." Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ojú tì mí débi pé mo sọ fún un pé epo ló wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe epo. Iṣẹ́ ọṣẹ dúdú ni.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Bùsọ́lá ló ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ béèrè ìtàn iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà ilé wọn, nítorí wọ́n ti ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láyé. Èmi kò kàwé. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbí, ti Bùsọ́lá ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní kọ ìyẹn sílẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ jàre.

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni bàbá mi, ìyá mi wá láti Ìbà. Òyìnbó ló ṣì ń ṣe ìjọba nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá mi di aṣọ mi sínú àwo, ó mú mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àlímọ́tù tó ń ṣe ọṣẹ ní Ìbà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín rèé." Ó dìde, ó ń lọ sílé, kò wẹ̀yìn. Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ kò gba owó nígbà náà. Oúnjẹ ni à ń jẹ, iṣẹ́ ni à ń kọ́.

Ẹbu là ń pe ibi tí a ti ń ṣe ọṣẹ. Ẹbu Ìyá Àlímọ́tù wà lẹ́yìn ìlú, lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà odò. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, kò ní ògiri, nítorí èéfín ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tì mọ́lé. Ìyá náà ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Bó bá fẹ́ bá ọ wí, á kàn dúró lẹ́yìn rẹ, á máa wo ohun tí ò ń ṣe, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mọ ibi tí o ti ṣì í.

Ẹ má rò pé ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Eérú ni. Láàárọ̀, èmi àti Sùwébà, ọmọbìnrin tó ṣáájú mi níbi iṣẹ́, á máa lọ láti ilé dé ilé, à á máa tọrọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. À á rìn dé etí omi Ọ̀jọ́ lọ kó èèpo àgbọn. À á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ epo, à á kó ìdì ẹyìn tí wọ́n ti já ẹyìn orí rẹ̀ tán. À á sá gbogbo rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, à á sun ún títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni à á wá sẹ́ ẹ. Ìyá Àlímọ́tù á ki ọwọ́ bọ eérú náà, á fi ìka méjì ra á.

"Iyanrìn wà níbí."

"Mo ti sẹ́ ẹ, Ìyá."

"Èmi kò bi ọ́ bóyá o ti sẹ́ ẹ. Mo ní iyanrìn wà níbí."

Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí eérú bá ti kúnná, a ó rọ ọ́ sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí a ti fi ìhá ẹyìn tẹ́ nínú. A ó máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń kán sísàlẹ̀ á pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Omi eérú nìyẹn. Bùsọ́lá ní álíkálì ni ìwé wọn ń pè é. Àwa kò mọ álíkálì. Ó ń bó wa lọ́wọ́ bákan náà.

Omi tí a ń bù lé e, omi odò Ìbà nìkan ni. Ọ̀sà sún mọ́ àwọn ará Ọ̀jọ́ ju odò lọ, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi ọ̀sà máa ń níyọ̀, iyọ̀ sì máa ń ya ọṣẹ kúrò lára omi. Ẹ ó kàn rí i tó dì kókó-kókó, tó léfòó, tí omi dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni a kò fi í sun igi ẹ̀gbà pọ̀ mọ́ eérú wa. Iná ẹ̀gbà gbóná dáadáa, a máa ń fi dáná sídìí ìkòkò, ṣùgbọ́n inú omi iyọ̀ ló ti hù. Ìyá Àlímọ́tù á kó eérú ìdí ààrò yẹn sọ́tọ̀ bí ẹni kó ohun tó lè ranni.

Epo tí a ń lò ni àdín. Èkùrọ́ ni a ó yan títí yóò fi dúdú, tí èéfín rẹ̀ á wọ irun wa, á wọ aṣọ wa, tí ọṣẹ gan-an kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wá sí ilé ìwé láìsan owó, mo ti dàgbà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó rántí mi sí i. Àbúrò mi ọkùnrin lọ. Ọ̀nà ẹbu ni wọ́n ń gbà kọjá. Àwọn ọmọ náà á di imú, wọ́n á máa kígbe, "Ràbí eléérú! Ràbí, èéfín ń pè ọ́ o!" Àbúrò mi á wà láàárín wọn. Kì í bá wọn kígbe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò títí yóò fi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ahọ́n.

A ní bí a ṣe ń dán omi eérú wò. Ìyá á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀ lórí iná. Bí ìyẹ́ náà bá yọ́ tó ku ọ̀pá rẹ̀ nìkan, omi ti lágbára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da omi eérú pọ̀ mọ́ àdín, tí a ti rò ó títí tó fi di ọṣẹ, kò sí ìyẹ́ tó lè sọ bóyá epo ti borí omi eérú tán tàbí kò tíì borí rẹ̀. Ahọ́n ló ń sọ ọ́. Ìyá Àlímọ́tù á fi ìka bu ọṣẹ díẹ̀, á fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù, á fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, á dijú. Gbogbo wa á dákẹ́. Bó bá ní, "Ó ń ta," a ó fi àdín kún un, a ó tún koná. Bó bá ní, "Ó ti rọ̀," ó parí nìyẹn. À á sọ igi tí a fi ń rò ó sílẹ̀, à á jókòó.

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba òmìnira, lẹ́yìn àdúrà, ni ọ̀gá á fi ìka tirẹ̀ bu ọṣẹ fún un ní ìgbà àkọ́kọ́. Sùwébà béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ṣé kí n bá yín tọ́ ọ wò? Ó rẹ̀ yín."

Ìyá kò tilẹ̀ yíjú. "Ahọ́n tìrẹ, ti ọbẹ̀ ni. Gbájú mọ́ ọbẹ̀."

Nítorí ahọ́n yẹn ni wọ́n ṣe ń wá ra ọṣẹ wa láti Ọ̀jọ́, láti Òkòkómáíkò, títí dé Ìjànikin. Wọ́n ń fi wẹ ọmọ tuntun. Bí ìyàwó bá sì máa lọ sílé ọkọ, àwọn obìnrin ilé bàbá rẹ̀ á wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀, pẹ̀lú kànìnkàn tuntun àti ọṣẹ tí a ṣe ní tirẹ̀ nìkan. Ọṣẹ Ìyá Àlímọ́tù ni wọ́n máa ń béèrè.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a fi ṣe ẹ̀rín. Ìyá ń jẹun, ó gbé òkèlè sílẹ̀. "Sùwébà, ṣé iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà ni? Ọbẹ̀ yìí dàbí omi." Sùwébà tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ rún, nítorí Ìyá ti bu iyọ̀ sí i fúnra rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ korò. Ó ní, "Ìyá, iyọ̀ ọ̀hún wà níbẹ̀ o, bóyá ó ń sùn ni." A rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ronú kan ọṣẹ nínú wa. Láìpẹ́ Sùwébà gba òmìnira, ó lọ sílé ọkọ, ó wá ku èmi àti Ìyá.

Ìyàwó tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Ọ̀jọ́. A ṣe ọṣẹ rẹ̀. Mo rò ó títí apá mi fi kú. Ìyá tọ́ ọ wò, ó dijú, ó ní, "Ó ti rọ̀." Inú mi dùn pé ó yá. Mo fi ewé dì í, wọ́n wá gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fi ọṣẹ náà wẹ ìyàwó, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti oko, a gbọ́ ohùn obìnrin kan kí a tó rí i. Àbúrò bàbá ìyàwó ni. Ìjànikin ló gbé lọ́kọ, Ìyá Ìjànikin ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ó gbé ọṣẹ tó kù lọ́wọ́ nínú abọ́.

"Ta ló ṣe èyí? Mo ní ta ló ṣe é?"

Ìyá Àlímọ́tù dìde. "Ẹ káàsán o. Ẹ jókòó."

"Ta ló fẹ́ jókòó? Ẹ wá wo ọrùn ọmọ wa! Ẹ wá wo apá rẹ̀! Bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí! Àwọn ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́nà, awọ ara rẹ̀ ń bó bí èèpo ẹ̀pà!"

"Kì í ṣe ọṣẹ mi."

"Kì í ṣe ọṣẹ yín? Ṣé bàbá mi ló sè é nínú sàréè?"

Àwọn tó ń bọ̀ láti oko sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ń pọ̀ sí i. Èmi dúró lẹ́yìn ajere, mo ń fi ọwọ́ mi pamọ́.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, a ní bí a ṣe ń parí irú ẹjọ́ yìí. Ẹni tó ṣe ọṣẹ ni yóò tọ́ ọ wò lójú ẹni tó rà á. Bó bá ń ta á, ojú rẹ̀ á sọ ọ́, kò ní lè fi pamọ́. Ìyá Ìjànikin na abọ́ náà sí i. "Ẹ tọ́ ọ wò. Níwájú gbogbo wa níbí."

Ìyá Àlímọ́tù kò fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án bó ṣe máa ń ṣe. Ó bu èyí tó tó ẹ̀kún ìka, ó fi sẹ́nu. Ó dijú. A wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó la ojú, ó ní, "Ó ti rọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí Ìyá Ìjànikin.

Ìyá Ìjànikin fi ìka tirẹ̀ bù ú, ó fi kan ahọ́n. "Yéè!" Ó tutọ́ sílẹ̀, ó mú etí ìró, ó ń fi nu ahọ́n. Obìnrin tó tẹ̀ lé e tọ́ ọ wò, òun náà tutọ́. Òmíràn tọ́ ọ wò. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti oko tọ́ ọ wò, ó ń fò sókè. Wọ́n ń tutọ́ yí wa ká. Láàárín gbogbo wọn, Ìyá Àlímọ́tù dúró tòun ti ọṣẹ náà lẹ́nu, ó ń wò wọ́n láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ̀rín náà kò sì tíì tán lójú rẹ̀.

Obìnrin àgbà kan ló kọ́kọ́ yé. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. "Kò mọ̀ ọ́n lára. Ahọ́n rẹ̀ ti kú."

Ìyá yíjú sí mi.

"Ràbí. Wá tọ́ ọ wò."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti dé ẹbu. Mo máa ń rò pé ọjọ́ àdúrà ni màá gbọ́ ọ, pé ìyá mi á wà níbẹ̀, pé màá wọ aṣọ tuntun. Mo jáde láti ẹ̀yìn ajere. Ó fi ìka rẹ̀ bu ọṣẹ náà fún mi, bí ọ̀gá ṣe ń bù ú fún ẹni tó gba òmìnira. Ó wò mí lójú. Títí di òní n kò mọ ohun tí ojú yẹn ń tọrọ lọ́wọ́ mi, bóyá kí n gbà á ni, bóyá kí n sọ òótọ́ fún un kó lè mọ̀. Mo fi ahọ́n kàn án. Ó ta mí bí ìgbà tí iná bá fò sí ènìyàn lẹ́nu. Omi bọ́ lójú mi.

"Ó ń ta, Ìyá."

"Ó ń ta púpọ̀?"

"Ó ń ta púpọ̀."

"O ṣeun."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí mo bá rántí pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde níwájú gbogbo ìlú, ara mi máa ń gbóná bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ìyá Ìjànikin tó wá jà, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí." Ìyẹn ló burú jù. Èébú ì bá sàn. Ìyá Àlímọ́tù ní kó dìde, kó lọ fi òróró àgbọn pa ọmọ náà lára, kí wọ́n má fi omi kàn án mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ, Ìyá gbé àpótí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ìkòkò. Ó kẹ̀yìn sí èmi náà.

"Gbé ọṣẹ tó kù padà sórí iná. Bu àdín. Má dà á lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ṣe é.

"Ó ń ta?"

"Ó ń ta díẹ̀, Ìyá."

"Fi kún un."

Mo fi kún un, mo rò ó, mo tọ́ ọ wò. "Ó ti rọ̀, Ìyá."

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Gbogbo ohun tó mọ̀, ó fi kọ́ mi, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti di pé kí n tọ́ ọṣẹ wò, á gbé àpótí rẹ̀, á kẹ̀yìn sí mi, á máa fi ẹ̀yìn bi mí ní ìbéèrè.

Rẹ̀mílẹ́kún lọ sílé ọkọ pẹ̀lú bùbá ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn, ó fi ìborùn wé ọrùn. Wọ́n ní àwọn kan ń béèrè pé ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó wá láti Ọ̀jọ́ mọ́. Ọṣẹ wà nínú agbọ̀n, ó ń gbẹ, ó ń là. Mo gbé e lọ sọ́jà, àwọn obìnrin á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè Ìyá, wọ́n á sì kọjá. Àánú wa ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ fi ọṣẹ wa kan ara ọmọ wọn. Mo ti ń rò ó pé n ó padà sílé bàbá mi, kí n sọ pé iṣẹ́ náà kò gbà mí.

Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ ló dé lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣì ní àpá. Ìyá rí i, ó gbé àpótí, ó fẹ́ kẹ̀yìn.

"Ìyá, ẹ má kẹ̀yìn sí mi," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ọṣẹ ọmọ ni mo wá rà. Ràbí, ṣé ìwọ ló ń tọ́ ọ wò báyìí?"

"Èmi ni."

"Gbé e wá." Ó fi ahọ́n kàn án níwájú wa, ó dúró díẹ̀. Ó tú ọmọ náà sílẹ̀, ó ní kí n bu omi wá, ó sì wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, nínú ẹbu, kí àwọn tó ń lọ sí odò lè rí i. Ọmọ náà kígbe nítorí omi tutù nìkan. Àwọn oníbàárà padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá ń wo àpá ọrùn Rẹ̀mílẹ́kún ní gbogbo ìgbà tó fi ń wẹ ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ra ọṣẹ lẹ́bu wa láìfi ahọ́n tirẹ̀ kàn án lójú mi. Àwọn oníbàárà kọ́ ọmọ wọn, ọmọ wọn kọ́ ọmọ tiwọn. Àwọn tó ń ṣe é lónìí kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe é, mo máa ń wolẹ̀.

Ìyá kú, mo jogún ẹbu. Ayé yí padà. Sódà inú àgolo dé, funfun, líle. Ẹni tó bá rà á kò nílò eérú mọ́. Mo lò ó fún ọṣẹ ìfọṣọ, n kò lò ó fún ti ìwẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọṣẹ olóòórùn dídùn inú bébà dé, àwọn ọmọ mi gan-an ń fi wẹ̀. Àkọ́bí mi sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òwò ni ìyá òun ń ṣe, kò sọ pé ọṣẹ. Wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ Ìbà, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí ojú odò wa, n kò lè fi ibi tó wà hàn yín mọ́. Mo kó ìkòkò mi wá sí ẹ̀yìnkùlé ní Àjàngbádì, mo ń ra èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dín ìpékeré. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ gbé eérú wá bá mi láti ọjà Àlàbá, àpò ńlá, ó ní ọ̀pọ̀ ń bọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí Ìyá ṣe kọ́ mi. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bíi rọ́bà. Wáyà ni wọ́n ń sun kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ. Ó ní, "Màmá, ṣebí eérú leérú." Mo ní eérú tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun kọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni Bùsọ́lá kò fẹ́ kí n sọ.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan wá láti Òkòkómáíkò, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fẹ́ ọṣẹ. Ó jókòó sí iwájú ilé, ó ń dúró. Mo tọ́ ọṣẹ wò, mo dijú, mo ní, "Ó ti rọ̀." Bùsọ́lá dúró tì mí. Olùkọ́ wọn ti fún wọn ní àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ilé ìwé, tó ń yí àwọ̀ padà bí a bá fi kan nǹkan. Ó fi ọ̀kan kan omi eérú mi, ó dúdú bí aró. Ó fi ọ̀kan kan ọṣẹ, ó ní bí ọṣẹ bá rọ̀, kò yẹ kó dúdú tó ti omi eérú. Òun náà dúdú bí aró. Ó wò ó, ó wò mí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fi ahọ́n kan ọṣẹ náà.

"Yéè! Màmá, ó ń ta!"

Mo tún un tọ́ wò. Mo bu púpọ̀. Nǹkan kan kò ṣe mí. Ó dàbí ìgbà tí mo bá fi amọ̀ sẹ́nu.

Mo bi í pé, "Bébà yìí, ìgbà wo ló ti wà?"

Ó ní, "Ó ti pẹ́, Màmá. Olùkọ́ wa ní wọ́n ti ń lò ó kí wọ́n tó bí bàbá òun."

Mo jókòó. Ilé ìwé tí àbúrò mi ń lọ kò jìnnà sí ẹbu. A ń gbọ́ agogo wọn. Èmi kò mọ̀ bóyá irú bébà bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà níbì kan láyé, nígbà tí Ìyá Àlímọ́tù ń fi omi eérú sun ahọ́n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó mọ ẹni tí à bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́, nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè. Bí iṣẹ́ bá ń jẹ ara yín, ẹ béèrè bóyá ohun kan wà tó lè ṣe é dípò ara yín.

Bùsọ́lá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé ọṣẹ ti tán. Wọn kò ní mọ̀."

Mo mọ ìdí tó fi sọ ọ́. Ó fẹ́ràn mi. Àpótí mi wà ní ìdí mi, ìbá ti rọrùn kí n gbé e kẹ̀yìn. Mo ní kó pe obìnrin náà wọlé. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lábẹ́ ìborùn, mo gbé méjèèjì lé orúnkún, mo wò ó lójú.

"Ìyá ọlọ́mọ tuntun, ọṣẹ yìí ń ta. Mo ti sọ pé ó rọ̀, kò rọ̀. Ahọ́n mi ti kú. Ọmọ yìí ló sọ fún mi."

Obìnrin náà wo ọwọ́ mi. Ara mi gbóná, bó ṣe máa ń gbóná. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe. Àdín la ó fi kún un. Ó máa pẹ́ díẹ̀."

"Màá dúró." Ó fa àga tirẹ̀ wọlé, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń bá wa fẹ́ná.

A da àdín sí i díẹ̀díẹ̀. Bùsọ́lá rò ó, apá rẹ̀ ń dùn ún, ó ń ráhùn. Nígbà tó na ìka láti fi kan ahọ́n, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní, "Bébà." Ó ti bébà bọ̀ ọ́. Mo kọjú sí ìkòkò, n kò gbé ojú kúrò.

"Ó ń ta?" ni mo bi í.

"Díẹ̀, Màmá."

"Fi kún un."